Omi Wòlé-wòlé Mọ́ Jù

Bí ẹ bá dé Òkè-Àjé tí ẹ ní Albert Ògúntọ́lá lẹ ń wá, wọn á wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Wòlé-wòlé ni, kódà òkú tó ti pẹ́ nílẹ̀ á fẹsẹ̀ ti ìkòkò omi rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi bá ìjọba yẹ ilé onílé wò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí àmù tí kò ṣí, kò sí ṣálángá tí kò yọjú wò. Tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó gìdìgìdì nínú omi, ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ń kọjá lójú títì, á kàn dúró lójijì, á na etí, á ní: "Mẹ́ta wà nínú àmù ilé yẹn, ọ̀kan nínú wọn ń wúkọ́." Wọn á ṣí àmù, mẹ́ta náà ni wọ́n á bá.

Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ó máa ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Adìẹ ilé rẹ̀ kì í yàgbẹ́ sí àgbàlá, wọ́n á fo fẹ́ńsì lọ ṣe é nílé aládùúgbò, wọ́n á sì padà wá jẹun. Rose, ìyàwó rẹ̀, ti kú láti bí ọdún mẹ́fà. Àwọn ẹlẹ́nu ṣóṣóró ní àárẹ̀ kọ́ ló pa á, wọ́n ní ńṣe ló wá ibi tó ti lè jókòó lórí àga láìsí ẹni tó máa nu àga náà bó bá dìde.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Rose bí fún un, Olúmidé. Olúmidé àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn, Morádéyọ̀, ló ń bá bàbá gbé títí di oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ìwé ìrìnnà wọn jáde. Kánádà ni. Gbogbo ilé ta àga, ta fíríìjì, ta ẹ̀rọ iná. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò rà ni àpótí gíláàsì Morádéyọ̀, tí ẹja aláràbarà méje ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Èyí tó sanra jù lọ ń jẹ́ Pásítọ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í pa dé.

"Bàbá Àgbà, ẹ bá mi tọ́jú wọn o. Gbogbo Sọ́ńdè ni màá máa pè lórí fóònù kí n lè rí wọn."

"Kí o lè rí wọn ni, àbí kí o lè rí mi?"

Ọmọ náà ronú sí i. Ọmọdé kì í mọ irọ́ pa. "Kí n lè rí wọn. Ẹ̀yin náà á ṣáà wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó gbọ́. Olúmidé ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń pe ènìyàn. Bí ẹ bá kọ̀wé sí i pé orí òrùlé ti ṣí, àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà ló máa fi ránṣẹ́. Nítorí náà, okùn tó so Wòlé-wòlé mọ́ ẹbí rẹ̀ kò ju ẹja méje lọ, ẹja tí kò sì gùn tó ìka.

Ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kò tíì kọjá Ayépé tí bàbá fi ká apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti ń dun ún láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ìyàwó Olúmidé ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Yanrìn ìsàlẹ̀ dúdú. Fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń fa omi wọlé tó ń tú u jáde sì ń yọ̀ bí ilá àná.

"Nínú pálọ̀ tèmi!" ni Wòlé-wòlé wí. "Èmi Albert!"

Ó kó ẹja sínú abọ́. Ó da omi oṣù márùn-ún sí gọ́tà. Ó fi bílíìṣì fọ gíláàsì, ó fọ yanrìn lẹ́ẹ̀méje, ó fún fóòmù títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ fi ṣeé fi ṣe ìrìbọmi, ó sì sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó pọn omi kànga tuntun sí i. Nígbà tó parí, omi náà mọ́ débi pé ẹja ń wá omi tó wà nínú rẹ̀. Àtọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń da omi náà nù tó ń pọn òmíràn, bí ẹni ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ kẹrin ni Pásítọ̀ pa ẹnu dé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé.

Ní Sọ́ńdè, fóònù dún. Ojú Morádéyọ̀ kún gbogbo gíláàsì fóònù, òjò dídì ń bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá Àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ yí fóònù sọ́dọ̀ wọn." Bàbá ò tíì sọ pé "pẹ̀lẹ́ o" tán. Ó yí i. Ọmọ náà kà wọ́n. "Márùn-ún. Pásítọ̀ dà? Bísí dà?"

Bàbá wo ilẹ̀. Láàárín ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò kọ irọ́ sínú ìròyìn iṣẹ́ rí. "Wọ́n wà lẹ́yìn òkúta. Wọ́n ń sùn."

Sọ́ńdè kejì, ẹja mẹ́ta ló kù, mẹ́rin sì ti ń sùn lẹ́yìn òkúta. Òkúta náà kò sì tóbi ju ẹyin adìẹ lọ.

"Bàbá Àgbà, wọ́n mà ń sùn jù."

"Ooru ni."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá bu omi ẹja sínú ìgò, ó dì í mọ́ àyà, ó wá obìnrin kan lọ tí wọ́n júwe fún un. Ẹja ni iṣẹ́ obìnrin náà. Ó ní adágún ẹja àrọ̀ ní Ìbefun, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ẹja inú gíláàsì nígboro. Edith ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó dúdú, bàtà rọ́bà tó wọ̀ dé orúnkún. Ó wo bàbá, ó tún un wò, ó ṣe bí ẹni tó gbé nǹkan mì.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé?"

"Ẹja ọmọ-ọmọ mi ló ń kú. Omi mi sì rèé, kò sí èyí tó mọ́ tó o nínú gbogbo Ìjẹ̀bú."

Edith bu omi náà sínú ìgò tín-ín-rín kan, ó kán oògùn sí i, ó mì í. Omi tó mọ́ bí ojú ọmọ tuntun di àwọ̀ ewé kíkankíkan.

"Yẹ́lò ló yẹ kó jẹ́," ni Edith wí. "Ìtọ̀ ló wà níbí."

"Ìtọ̀ kẹ̀? Ta ló tọ̀ sí omi mi?"

"Ẹja ni, Bàbá. Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n tọ̀ sí, ṣálángá? Ẹja ń tọ̀, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà, májèlé ń jáde lára rẹ̀. Ojú ò rí i. Omi tó mọ́ lójú, ta ló sọ fún yín pé ó mọ́ nínú?"

"Bílíìṣì ni mo fi fọ gbogbo rẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń pààrọ̀ omi!"

"Ìyẹn gan-an ló pa wọ́n." Edith fa àga fún un, kò sì nu àga náà. "Kòkòrò kan wà tójú ò rí. Ara fóòmù àti inú yanrìn ni wọ́n ń gbé. Àwọn kan á jẹ májèlé ìtọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di májèlé kejì. Àwọn mìíràn á jẹ ìyẹn, wọ́n á sọ ọ́ di ohun tí kò pa ẹja. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́. Ọmọ-ọmọ yín ti sin tiẹ̀ dé ojú ẹ̀. Ẹ̀yin fi bílíìṣì pa gbogbo wọn."

"Mo pa kòkòrò. Ẹ̀ṣẹ̀ wo nìyẹn?"

Edith rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú? Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè kan, á bu omi ẹ̀gẹ́ àná sí tòní. Ohun tó wà nínú omi àná ló ń ṣe iṣẹ́. Ìyá mi ní ìkòkò kan tí kì í gbẹ. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń bu omi inú rẹ̀ sí òmíràn. Fùfú rẹ̀ kì í rùn, kì í le, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ń wọkọ̀ wá rà á. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìwé àti fìlà kákí. Ó ní omi tó bá ń rùn kì í ṣe omi. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò náà ṣubú. Ó tún gbé ìyá mi lọ sí kóòtù."

Ẹja nìkan ló ń mira.

"Ta ni ìyá rẹ?"

"Ojúọlá. Onífùfú Ìtá-Ọ̀ṣùgbó."

Wòlé-wòlé rántí. Kò rántí ojú obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó rántí ìkòkò, ó rántí bí omi funfun náà ṣe ṣàn dé ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé. Ó tún rántí pé wọ́n yìn ín ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà.

"Ṣé... ṣé ó ṣì ń ta fùfú?"

"Ó gbìyànjú. Kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà gba ibòmíràn lọ." Edith nu ọwọ́ sí yẹ̀rì. "Ó ti kú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ẹja."

Ó kán oògùn mìíràn tó ń wọn kíkan sí omi, ìyẹn di yẹ́lò, àmì kíkan. Ó ní omi kànga bàbá ń kan bí ọ̀rọ̀ ẹnu orogún, pé ó ku díẹ̀ kó máa bó ẹja láwọ. Ó fún un ní ìkarahun ìgbín tí wọ́n ti fọ́, kó kó o sí ìsàlẹ̀ yanrìn, díẹ̀díẹ̀ ló máa mú kíkan omi náà rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó yọ fóòmù kan láti inú àpótí ẹja tirẹ̀. Fóòmù náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń kán tó-tó-tó. Ó dì í sínú ọ̀rá.

"Omi àná rèé. Ẹ fi sínú ẹ̀rọ yín. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má sè é. Ẹ má fi ọṣẹ hàn án. Nínú ìdá mẹ́rin omi, ìdá kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú omi tó ti sùn ọjọ́ méjì nínú garawa. Bó bá yá, omi náà lè funfun bí omi ògì. Ẹ má bẹ̀rù, ara rẹ̀ ló ń tò. Ẹ má fi ohunkóhun sí i. Ẹ kàn jókòó lé ọwọ́ yín."

"Kí n máa wo ìdọ̀tí nínú pálọ̀ mi?"

"Ọjọ́ méjìlélógójì," ni Edith wí. Ó dìde, ó so ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn bí òṣìṣẹ́ ìjọba. "Ọ̀gá Wòlé-wòlé, bí mo bá wọlé yín kó tó pé, tí mo bá omi yín tó ń dán, kóòtù ni!"

Ẹ má béèrè ohun tí ojú bàbá rí lẹ́yìn ìyẹn. Ó fi fóòmù náà sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìka méjì, ó sì fọ ìka méjì náà títí wọ́n fi fẹ́ẹ̀ di ọ̀kan. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri kó má bàa rí gíláàsì. Nígbà tí àwọ̀ ewé kékeré kan yọ ní igun, ibà mú un. Ó fi okùn so kànìnkànìn mọ́lẹ̀ nínú yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn pa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlẹ́kọ àdúgbò. Ṣùgbọ́n ó fara dà á, torí pé ẹja mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìrù wọn nà. Wọ́n ń lé ara wọn kiri.

Sọ́ńdè náà, Morádéyọ̀ pariwo. "Ẹ wò wọ́n! Ẹ wo bó ṣe ń sáré!" Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Bàbá ń wo aago. Ọmọ náà sọ nípa iléèwé rẹ̀, ó kọrin kan, ó sì béèrè lójijì pé, "Bàbá Àgbà, ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí Rose ti kú. Kò tíì jẹun. Ó ní òun ti jẹ ìkọ́kọrẹ́, òun yó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni omi náà funfun, bí Edith ṣe wí. Ó ṣe bí omi ògì gan-an, ẹja ń yọ nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú kùrukùru. Bàbá kò sùn, kò wo, kò fọwọ́ kàn án. Bóyá ì bá borí. Ṣùgbọ́n Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Sátidé ìparí oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń gbálẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ yìí ju Kérésìmesì lọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀, Usamah wọlé. Òun ni ọ̀gá àwọn wòlé-wòlé ìsinsìnyí, abẹ́ Bàbá Ògúntọ́lá ló sì ti kọ́ṣẹ́. Gbogbo ìparí oṣù ló máa ń yà kí ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ilé yín nìkan la kì í yẹ̀ wò, àwa la máa ń wá wòran níbí..." Ojú rẹ̀ bọ́ sí gíláàsì. Ó tẹ̀ síwájú. "Ọ̀gá, kí lèyí? Ṣé ẹ ti ń ta ògì ni?"

"Ara rẹ̀ ló ń tò," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ara kí ni? Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa! 'Omi tí o kò bá lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹjọ́ ni.' Ohùn yín ṣì wà létí mi." Usamah rẹ́rìn-ín, kò ní ibi nínú. "Àgbà ti dé, sà. Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn ọmọ wá bá yín da á nù."

Ó lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ kò bá a lọ, ó jókòó sórí àga.

Bàbá dúró láàárín pálọ̀. Àgbà ti dé! Ó gbọ́ tí ìgbálẹ̀ ń dún nílé gbogbo ènìyàn. Ó wọ kíṣìnnì. Nínú agolo kan lẹ́yìn iyọ̀, álọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, òkúta funfun tí ìyá gbogbo wa ń jù sínú omi kànga kó lè tòrò. Bílíìṣì kọ́, ọṣẹ kọ́. Edith ò dárúkọ álọ́ọ̀mù. Omi mímu ni wọ́n ń fi í sí! Ohun tí ènìyàn ń mu, ṣé ẹja ló máa pa?

Ó ju ẹyọ kan sí i. Ó tún ju ìkejì, torí Sátidé ni.

Kó tó pé wákàtí kan, ìdọ̀tí ti rọ̀ sísàlẹ̀ bí yìnyín. Omi náà tòrò débi pé ènìyàn lè ka Bíbélì láti ìhà kejì. Bàbá nàró ṣánṣán. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá Usamah kó wá wò ó. Nígbà tó padà wọlé, ẹja mẹ́ta náà wà lójú omi, wọ́n ń ya ẹnu sókè. Ó rò pé wọ́n ń dúpẹ́ ni.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yí ikùn sókè.

Edith wá, torí bàbá pè é tí kò lè sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Ó kán oògùn tó ń wọn kíkan sí omi. Yẹ́lò rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí iná. Ó wo agolo tó wà lórí tábìlì.

"Álọ́ọ̀mù?"

"Díẹ̀ ni."

"Omi yín ti kan tẹ́lẹ̀, Bàbá. Álọ́ọ̀mù tún ń mú omi kan sí i. Kíkan náà ló ṣubú lé wọn lẹ́ẹ̀kan."

Bàbá ń retí èébú. Ó tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ì bá jẹ́ pé Edith pariwo, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n Edith kó ìgò rẹ̀ sínú àpò, ó tẹ̀ bá gíláàsì náà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fínnífínní bí òṣìṣẹ́ ìjọba.

"Omi yín mọ́, Ọ̀gá," ó ní. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun alààyè kankan nínú ẹ̀. Mo dá yín láre."

Ó sì lọ.

Ní Sọ́ńdè, fóònù dún. Bàbá ì bá má gbé e, ṣùgbọ́n kò ní ẹlòmíràn tó ń pè é. Morádéyọ̀ wo gíláàsì tó ń dán náà. Ó wò ó títí.

"Bàbá Àgbà, ẹja dà?"

Ó fẹ́ sọ pé wọ́n wà lẹ́yìn òkúta. Ó wò ó, ó rí i pé òun ti kó òkúta jáde láti fọ̀ ọ́.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ gba fóònù. "Dádì, ẹ má dà á rò, ẹja lásán ni." Fóònù kú.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kò dún. Bàbá fi fóònù sí iná, ó nu ojú rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì. Kò dún. Sọ́ńdè kẹta, ó bẹ ẹlẹ́kọ kó pe òun wò, bóyá ó ti bàjẹ́. Ó dún fún ẹlẹ́kọ. Ó kọ̀wé sí Olúmidé. Olúmidé fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà ránṣẹ́.

Àpótí gíláàsì náà wà níbẹ̀ láìní ìdérí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, bàbá ò ti fèrèsé mọ́, àwọ̀n ẹnu rẹ̀ ya, kò rán an. Eruku bà lé omi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí ìdọ̀tí, kò sì dìde.

Sọ́ńdè karùn-ún ló rí i pé nǹkan ń mira. Ó wọ awò ojú. Wọ́n ń jó gìdìgìdì, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kà wọ́n, torí iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tanwíjí, nínú pálọ̀ Wòlé-wòlé! Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò ibi tí ìwé ẹ̀sùn máa ń wà nígbà náà. Fóònù ló bá níbẹ̀.

Ó pe Morádéyọ̀ fúnra rẹ̀. Ó dún títí kó tó di gbígbé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, gbogbo nǹkan ń ṣe bàìbàì. Ó yí fóònù sí gíláàsì láìsọ nǹkan kan.

"Bàbá Àgbà!" Ohùn ọmọ náà fò sókè. "Wọ́n ti bímọ! Ẹja mi bímọ kí wọ́n tó kú!"

Ó rántí ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ tí kò nírọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Wòlé-wòlé wí. "Wọ́n bímọ."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ó na ìka sí èyí tó tóbi jù. "Eléyìí ń jẹ́ Ojúọlá."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Kò bi í bóyá ó ti jẹun, ṣùgbọ́n ó ní òun máa pè ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Bàbá da èérún àgbàdo lílọ̀ sí omi fún wọn, ó tẹjú mọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n hu ìyẹ́, wọ́n di ẹ̀fọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú pátápátá, wọ́n dàgbà tán, ìlú òkèèrè ló kù. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ojú àwọ̀n tó ya jáde, wọn ò wẹ̀yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ló yà, ó bà lé apá bàbá, ó tẹ ẹnu bọ̀ ọ́, ó mu tirẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi pọ́n.

Bàbá gbé ọwọ́ kejì sókè. Ó gbé e dúró. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí itan.

"Ìwọ tiẹ̀ dágbére," ó ní.